82.9 mílíọ̀nù àbí 133 mílíọ̀nù: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó jẹ́ tálákà gan-an?

Àkàndé_Tákìé:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀wé àti àwọn tó mọ ayé wà níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́ lórí rédíò, ẹnì kan ní tálákà tó wà ní Nàìjíríà jẹ́ mílíọ̀nù 82.9, èkejì ní rárá o, mílíọ̀nù 133 ni, ẹnì kan tún pè wọlé ó ní ẹni tí ò bá ti rí dọ́là mẹ́ta ná lóòjọ́ tálákà ni lójú Báńkì Àgbáyé, ariwo wá pọ̀ débi pé mi ò mọ ẹni tí mo máa gbà gbọ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ní tálákà tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa yìí ò pé ìdá 10 nínú 100. Nínú Ògbómọ̀ṣọ́ tí mò ń rìn lójoojúmọ́ yìí, láti Tákìé dé Sábó?

Mo bá ń ro ti màmá mi. Gàrí ni wọ́n ń yan. Ilé tí wọ́n ń gbé, bàbá mi ló kọ́ ọ kí wọ́n tó kú, torí náà wọn ò san rẹ́ǹtì, wọ́n ní oko pákí díẹ̀ lápá Oríire, wọn ò tọrọ jẹ rí láyé wọn. Àmọ́ tí dókítà bá ní kí wọ́n mú N20,000 wá nísinsìnyí, àfi kí wọ́n sá tọ ẹni tó máa yá wọn. Igi ni wọ́n fi ń dáná. Kànga tó lọ́mọrí wà nítòsí, omi ò ni wọ́n lára. Ṣáláńgá wà, àmọ́ agboolé mẹ́ta ló ń lò ó. Yàrá tí wọ́n ń sùn, ilẹ̀ lásán ni, símẹ́ǹtì ò débẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ló ń gbé lọ́dọ̀ wọn, èyí obìnrin ń lọ iléèwé, èyí ọkùnrin ti kúrò, ọmọ ọdún 12 ni, ó ń kọ́ṣẹ́ ọ̀kadà títúnṣe. Ṣé tálákà ni màmá mi? Tí wọ́n bá gbọ́ pé mo béèrè irú ẹ̀, inú wọn ò ní dùn sí mi, àmọ́ mo fẹ́ mọ̀ tọkàntọkàn ni.


Tíṣà_Ajíkóbi:

Àkàndé, o ṣeun tó o béèrè, torí ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń fi nọ́ńbà méjèèjì yẹn jà láìmọ̀ pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀n. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó máa gùn díẹ̀ o, fara balẹ̀ kà á.

Mílíọ̀nù 82.9 yẹn, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ló gbé e jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, látinú ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín 2018 sí 2019. Owó ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe owó tó ń wọlé, ohun tí ìdílé ń ná àti ohun tí wọ́n ń jẹ ni, títí kan èyí tí wọ́n wú lóko ara wọn. Wọ́n ṣírò oúnjẹ tó lè gbé èèyàn ró fún odindi ọdún, ó jẹ́ N81,767, wọ́n wá fi N55,663 lé e fún aṣọ, ilé, oògùn, owó ọkọ̀ àti gbogbo nǹkan yòókù, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ N137,430 lọ́dún fún ẹnì kan. Ìlà tí wọ́n fà nìyẹn. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá tó bẹ́ẹ̀, tálákà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìdá 40.1 nínú 100 ni wọ́n bá nísàlẹ̀ ìlà yẹn, òun ló di mílíọ̀nù 82.9, wọn ò sì ka Borno mọ́ ọn nítorí ogun tó ń jà níbẹ̀.

Wàyí o, pín N137,430 yẹn sí ọjọ́ 365. Ó lé díẹ̀ ní N376 lóòjọ́. Nígbà yẹn ni o, kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 tí gbogbo nǹkan wá gbówó lórí. Ibẹ̀ ni àlàyé ti Ọ̀yọ́ wà. Ìdá 9.83 ni wọ́n bá fún wa, Èkó jẹ́ 4.5, Sókótó jẹ́ 87.73. Ẹni tó ń ná N380 lóòjọ́ lọ́dún náà ti kọjá ìlà, wọ́n á kọ ọ́ pé kì í ṣe tálákà, ẹni tó ń ná N5,000 náà kì í ṣe tálákà, ibì kan náà ni wọ́n kó àwọn méjèèjì sí. Torí náà tí wọ́n bá ní ti Ọ̀yọ́ ò pé 10, wọn ò sọ pé àwọn 90 tó kù ń gbádùn o, wọ́n kàn sọ pé wọn ò sí nísàlẹ̀ ìlà ni, ìlà yẹn sì lọ sílẹ̀ gan-an.

Kó o lè mọ bó ṣe lọ sílẹ̀ tó, ronú nípa òṣìṣẹ́ kan nígbà náà. Owó oṣù tó kéré jù lófin jẹ́ N30,000 ní 2019. Bàbá kan tó ń gba iye yẹn, tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, tí kò sí kọ́bọ̀ míì tó ń wọlé: N360,000 lọ́dún, pín in sí márùn-ún, N72,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò tó owó oúnjẹ nìkan tí NBS là sílẹ̀, ká má tíì sọ ti aṣọ àti ti oògùn. Òṣìṣẹ́ ni o, tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tí àwọn ará àdúgbò ń kí ní "alákọ̀wé"!

Mílíọ̀nù 133 wá ńkọ́? NBS náà ló gbé ìyẹn jáde ní oṣù kọkànlá 2022. Nínú ìyẹn, owó kọ́ ni wọ́n wò, nǹkan tí ìdílé ṣaláìní ni wọ́n kà: ìlera, ẹ̀kọ́, bí ilé àti omi ṣe rí, àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti àjálù. Nǹkan 15 ni gbogbo ẹ̀, wọ́n sì wọ ilé tó ju 56,000 lọ káàkiri ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Ìdá 63 nínú 100 ni wọ́n bá, Sókótó ló pọ̀ jù, 91, Oǹdó ló kéré jù, 27. Tó o bá gbọ́ tí ẹnì kan ní ìṣẹ́ Nàìjíríà fò láti 40 lọ sí 63 láàárín ọdún mẹ́ta, ó ń da nǹkan rú ni. Ẹni tó fi kóńgò wọn gàrí àti ẹni tó gbé gàrí kan náà sórí ìwọ̀n kílò, nọ́ńbà tí wọ́n máa pè ò lè dọ́gba.

Dọ́là mẹ́ta ti Báńkì Àgbáyé náà, má ṣe fi iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là ní Sábó ṣírò ẹ̀ o, àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe nìyẹn. Dọ́là tí wọ́n ti bá iye ọjà mu ni. Wọ́n á wo iye tí ìrẹsì, rẹ́ǹtì, irun gígẹ̀ ń jẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n á wo iye tó ń jẹ́ níbí, wọ́n á wá wá iye náírà tó lè ra ohun tí dọ́là mẹ́ta ń rà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021. Owó tí ẹnì kan fi gẹrun lẹ́ẹ̀kan ní New York lè gẹ irun gbogbo ọmọkùnrin agboolé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí náà náírà tó dúró fún dọ́là mẹ́ta yẹn kéré gan-an sí èyí tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó máa kà fún ẹ. Ìlà yẹn ti ń sún ọjọ́ pẹ́. Dọ́là kan ni ní 1990, ó di 1.25 ní 2008, 1.90 ní 2015, 2.15 ní 2022, oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta. Àwọn ìlà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ò rí jájẹ jù láyé fà fún ara wọn ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n ń mú èyí tó bọ́ sí àárín.

Ti màmá ẹ, mo máa padà sórí ẹ̀.


Abíọ́nà_Abèèrè:

Ẹ kú àlàyé sà. Mo ti bá wọn ṣe irú iṣẹ́ ìwádìí bẹ́ẹ̀ rí, mo ti gbé fọ́ọ̀mù wọ àwọn abúlé lápá Oríire àti Sùúrùlérè, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lójú ọ̀nà, torí ìwé ò lè sọ gbogbo ẹ̀ tán.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ń bi èèyàn pé "ṣé tálákà ni yín?" Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tí ò tíì jẹun láti àná máa ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹni tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì á ní nǹkan ò dáa rárá. Ohun tá a máa ń béèrè ni pé láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn, gàrí tẹ́ ẹ jẹ nílé yìí ṣe tó? Ìyá máa ní "àwọn ọmọ ṣáà ń bù ú mu." A ó ní kí wọ́n gbé abọ́ tí wọ́n fi ń bù ú wá, ká fojú rí i, abọ́ mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́, èlò nínú ẹ̀ lẹ rà, èlò lẹ yan fúnra yín, èlò lẹ́nì kan fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà la máa ṣe fún elùbọ́, epo, ata, iyọ̀, ẹja, títí dórí magí. Ó lè gbà wá ní wákàtí méjì lórí oúnjẹ nìkan, ìyá ń dá igi sẹ́nu ààrò, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn ẹ̀, ìwọ náà ń béèrè bóyá wọ́n jẹ ọsàn.

Èyí tó wá kan màmá Àkàndé ni pé gàrí tí wọ́n yan fúnra wọn tí wọ́n mu, wọ́n máa fi iye tó ń lọ lọ́jà àdúgbò ṣírò ẹ̀, wọ́n á kà á sí owó tí wọ́n ná. Torí náà ẹni tó ní oko, kò rọrùn kó bọ́ sísàlẹ̀ ìlà owó yẹn bí ẹni tó ń ra gbogbo nǹkan. Lójú tèmi ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń jẹun ń jẹun ni, ì báà jẹ́ láti oko tàbí láti ọjà.

Àmọ́ ohun kan wà tó máa ń dùn mí. Gbogbo oúnjẹ ilé ni wọ́n ń kó pọ̀ tí wọ́n ń pín sí iye orí tó wà nílé. Ilé kan wà tí mo wọ̀ lọ́nà Ìkòyí, èèyàn mẹ́fà ni wọ́n, mo béèrè ẹran, ìyàwó ní ègé méjì ni wọ́n sè lálẹ́ àná. Mo ní ta ló jẹ ẹ́, ó ní "bàbá wọn ni." Ọbẹ̀ ni òun àtàwọn ọmọ fi jẹ àmàlà. Nínú fọ́ọ̀mù, kò síbi tí mo lè kọ ìyẹn sí. Tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀ tán, ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jẹ ẹran, ohun kan náà ló kan bàbá àti ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń wo abọ́ bàbá ẹ̀. Ẹ wá wò ó, ìdílé lè wà lókè ìlà kí ìyàwó àti ọmọ inú ẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kankan tó máa sọ ọ́.


ÌyáÌbejì_Akẹ́sán:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ọ̀yọ́ ni mo wà, ọjà Akẹ́sán ni mo ti ń ta elùbọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ mi ò gbà pé ibẹ̀ ló parí sí. Obìnrin kan wà nísọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń jẹun, àwọn ọmọ ẹ̀ ń jẹun, tí ẹ bá gbé fọ́ọ̀mù yín dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ẹ máa ní kì í ṣe tálákà. Ìyá ọkọ ẹ̀ kú, wọ́n ní kí àwọn ìyàwó ilé dá owó kí wọ́n sì ra aṣọ. Kò rí i. Ó ní ara òun ò yá, ó tilẹ̀kùn mọ́rí lọ́jọ́ ìnáwó, gbogbo wa mọ̀ pé ara ẹ̀ le. Láti ìgbà yẹn wọn kì í fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ mọ́ nínú ẹbí ọkọ. Nígbà tó yá ó tún jáde nínú èésú wa torí kò lè dá a mọ́, ẹni tí ò sì sí nínú èésú, tọ́jà ẹ̀ bá tán, ọ̀dọ̀ ta ló fẹ́ sá lọ? Ìṣẹ́ nìyẹn lójú tèmi. Kó tó di pé ebi ń pa èèyàn, ó ti kọ́kọ́ pàdánù àwọn èèyàn ẹ̀.

Ẹ tún wo ti àìsàn. Mo mọ ọkùnrin kan tó ń ta awọ, ọwọ́ ẹ̀ ń lọ sẹ́nu dáadáa, àìsàn kan ṣoṣo gbé ìyàwó ẹ̀ dè, oṣù díẹ̀ sí i ó ti ta ilẹ̀, ó ti ta ẹ̀rọ, ó ti ń bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá kà á lóṣù kejì kì í ṣe tálákà, tí wọ́n bá kà á lóṣù kẹwàá tálákà ni. Kí lẹ máa wá pe èèyàn tó jẹ́ pé àìsàn kan ló kù kóun ṣubú? Irú wọn ló pọ̀ jù láàárín wa, irú wọn sì ni màmá Àkàndé tí N20,000 lè lé jáde nílé.


Tíṣà_Ajíkóbi:

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ yín yìí, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti jà lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1899, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seebohm Rowntree, tí ìdílé ẹ̀ ń ṣe kòkó àti ṣokoléètì ní ìlú York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rán àwọn èèyàn wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà, ó ṣírò oúnjẹ, rẹ́ǹtì, aṣọ àti ohun ìdáná tó kéré jù tí ara fi lè dúró, ó sì bá a pé nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 àwọn ará ìlú ló wà nínú ìṣẹ́. Inú ìlà tiẹ̀, kò sí owó ọkọ̀, kò sí owó ìwé ìròyìn, kò sí owó ẹgbẹ́, òun náà sì mọ̀ pé kò sí èèyàn tó ń gbé ayé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì míì, Peter Townsend, ló wá sọ ọ́ gbangba ní 1979 pé ẹni tí ò bá ti lè ṣe ohun tí àwọn ará àwùjọ ẹ̀ ń ṣe, tálákà ni, bó tiẹ̀ ń jẹun. Nílẹ̀ Yúróòpù títí dòní, wọn kì í fi owó oúnjẹ fa ìlà, wọ́n á mú ẹni tí owó ẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn gbogbo ìlú, ẹni tí tiẹ̀ ò bá pé ìdá 60 nínú 100 owó onítọ̀hún ni wọ́n kà sí ẹni tí ìṣẹ́ fẹ́ mú. Obìnrin ọjà Akẹ́sán yẹn, ìlà ti Yúróòpù lè rí i, ti NBS ò ní rí i.

Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998, tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ràn. Ó ní tẹ́ ẹ bá kàn ń ka orí nìkan, tí àwọn tálákà bá tún wá tòṣì sí i, nọ́ńbà yín ò ní yí padà, torí wọ́n ti wà nísàlẹ̀ ìlà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ku N10 kó dé ìlà àti ẹni tó ku N100,000, orí kan ṣoṣo ni wọ́n ka kálukú wọn sí. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi tún máa ń ṣírò iye tó kù kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó dé ìlà, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ìyẹn lórí rédíò.

Àkàndé, ti màmá ẹ wá kàn. Ti owó, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n nílé, N137,430 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ N412,290 lọ́dún, iye ọjà 2019 ni, a ò lè fi wọ̀n wọ́n lónìí torí kò sí ohun tó ń jẹ́ iye yẹn mọ́. Jẹ́ ká fi ti àìní ṣe é, èyí tí àwọn ará Yunifásítì Oxford àti UNDP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìdàgbàsókè, gbé kalẹ̀ ní 2010 fún gbogbo ayé, torí òun ló rọrùn láti fọwọ́ ṣírò. Nǹkan 10 ni wọ́n ń wò. Ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ ìpín 18. Ìjẹun-tó-dáa gba 3, ikú ọmọ nínú ilé gba 3, bóyá ẹnì kan nínú ilé ka ìwé pé ọdún mẹ́fà gba 3, bóyá ọmọ tó yẹ kó wà níléèwé wà níbẹ̀ gba 3. Ohun ìdáná, ilé ìyàgbẹ́, omi, iná mànàmáná, ilé fúnra ẹ̀, àti ẹrù inú ilé bíi rédíò àti fóònù, ìpín kọ̀ọ̀kan ni wọ́n. Ìdílé tí àìní ẹ̀ bá pé 6 nínú 18, tálákà ni wọ́n.

Màmá ẹ: igi ìdáná, 1. Ṣáláńgá tí wọ́n ń bá àwọn ará ibòmíì lò, 1. Ilẹ̀ tí ò ní símẹ́ǹtì, 1. Omi ò ṣe nǹkan kan. Ṣé iná dé ilé? Ṣé wọ́n ní fóònù àti rédíò? Ṣé ẹnì kan nílé parí ìwé mẹ́fà?


Àkàndé_Tákìé:

Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé màmá, Ọlọ́run á máa fún yín ní ìlera. Wáyà iná dé ilé, àmọ́ iná fúnra ẹ̀ lè má dé fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún. Màmá ní fóònù kékeré àti rédíò. Wọ́n parí ìwé mẹ́fà dáadáa, àwọn ló ń ka Bíbélì fún ẹgbẹ́ wọn. Kò sí ọmọ tó kú, ebi kì í sì í pa àwọn ọmọ yẹn.


Tíṣà_Ajíkóbi:

Tí wáyà bá ti wà, ìwọ̀n yẹn kà á pé iná wà, kì í bi ẹ́ ní wákàtí tó ń tàn, àbùkù ńlá ni mo kà á sí fún ìlú bíi tiwa. Ẹrù ilé ò ṣe nǹkan kan, ìwé mẹ́fà ò ṣe nǹkan kan. Mẹ́ta péré la ní. Ó wá ku ọmọkùnrin ọdún 12 yẹn. Ọmọ ọjọ́ orí ẹ̀ tí ò sí níléèwé, 3. Mẹ́ta àti mẹ́ta, mẹ́fà, ó pé géérégé. Lójú ìwọ̀n yẹn tálákà ni gbogbo ilé màmá ẹ, ìgbà tí ọmọ náà wà níléèwé wọn kì í ṣe tálákà. Ti NBS tó ní nǹkan 15 lè mú nọ́ńbà míì jáde torí bí wọ́n ṣe pín in yàtọ̀.


Àyìnlá_Oríire:

Mo kí gbogbo ilé. Àgbẹ̀ ni mí, gbogbo ìṣirò yìí dáa o, àmọ́ mo fẹ́ béèrè, lẹ́yìn tí wọ́n kà wá tán ńkọ́? Wọ́n wá abúlé wa nígbà kan, wọ́n kọ ohun gbogbo sílẹ̀, àwọn èèyàn wa ń retí pé wọ́n máa gbé ìrẹsì tàbí ajílẹ̀ padà wá, a ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n wá gan-an, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wu iṣu tuntun ni, abà kún. Ì bá ṣe pé ìgbà ọ̀wọ́n ni wọ́n wá, tí iṣu tó wà nílẹ̀ ti di èbù, ohun tí wọ́n máa kọ ò ní jọ ìyẹn rárá.


Abíọ́nà_Abèèrè:

Bàbá, ẹ má bínú, àwa tó ń gbé fọ́ọ̀mù náà kì í ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké, ó sì yẹ ká máa ṣe é. Ìwádìí yẹn ò sí fún pípín nǹkan. Wọ́n ń ṣa ilé díẹ̀ bí ẹni ń ṣẹ́ gègé, àwọn ilé tí wọ́n ṣà ló ń dúró fún gbogbo àwọn yòókù, wọn ò kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ìwé orúkọ àwọn aláìní tí ìjọba fi ń pín owó, ọ̀tọ̀ nìyẹn, àwọn míì ló ń kọ ọ́. Ti ìgbà ọ̀wọ́n tẹ́ ẹ sọ, òótọ́ ni, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi tan ìwádìí 2018 sí 2019 yẹn ká odindi ọdún, wọ́n ń wọ àwọn ilé kan ní ọ̀pọ̀ oúnjẹ, wọ́n ń wọ àwọn míì ní ìgbà ọ̀wọ́n. Fún gbogbo orílẹ̀-èdè ó máa bára mu, fún abúlé yín nìkan kò lè bára mu, ẹ ò sì jẹ̀bi tẹ́ ẹ bá ní kò jọ yín.


ÌyáÌbejì_Akẹ́sán:

Àkàndé ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán lọ́dọ̀ tèmi o. Kí ló gbé ọmọ ọdún 12 kúrò níléèwé?


Àkàndé_Tákìé:

Màmá, owó kọ́ ni wọ́n lé e torí ẹ̀. Iléèwé ìjọba ni, wọn ò gba owó ìwé, àmọ́ bàtà ẹ̀ já, yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ kéré mọ́ ọn, wọ́n tún ní kó mú owó lẹ́sìn wá, màmá ní kó ní sùúrù kí àwọn ta gàrí, kí wọ́n tó ta gàrí ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní àdúgbò ti ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó ti ń mú N200, N300 wálé nígbà míì, kò sì sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ iléèwé sílẹ̀ mọ́. Èmi náà kàn rò pé iṣẹ́ ọwọ́ dáa.


ÌyáÌbejì_Akẹ́sán:

Iṣẹ́ ọwọ́ dáa, àmọ́ kò ní sá lọ. Bàtà àti yunifọ́ọ̀mù ló lé ọmọ jáde níléèwé, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ lè jọ dá a. Lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa gbà kó máa wá ní ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé.


Tíṣà_Ajíkóbi:

Mo gbè é lẹ́yìn. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 sọ ọ́ di dandan kí ọmọ wà níléèwé láti pírámárì títí parí JSS 3, torí náà wọn ò lè sọ pé ó ti pẹ́ jù. Mú ìwé ìdánwò ẹ̀ tó gbẹ̀yìn lọ bá ọ̀gá iléèwé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, tí wọ́n bá ní kó tún kíláàsì kan kà, gbà bẹ́ẹ̀.


Àkàndé_Tákìé:

Mo máa pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ yìí. Sà, ìbéèrè kan tó kù: owó tí a ń fi ránṣẹ́ sí màmá láti Èkó àti láti ibí, ṣé wọ́n ń kà á?


Tíṣà_Ajíkóbi:

Nínú ti owó, tí wọ́n bá ti ná an, wọ́n ti kà á, ì báà jẹ́ ọmọ ló fún wọn tàbí wọ́n ta gàrí. Nínú ti àìní wọn ò ní béèrè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí tiyín hàn nínú ìyẹn, símẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ fi dá ilẹ̀ yàrá yẹn.